Ọ̀rọ̀ Tí Motọ́lání Kò Fi Orin Sọ

Ẹ má bi mí bóyá ó dára kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olórin nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Wọ́n ti bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti bi mí nídìí ààrò gàrí, inú sì máa ń bí mi, nítorí pé àwọn tó ń bi mí kì í dúró gbọ́ èsì. Motọ́lání ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Motọ́lání, kí ẹ̀yin náà wá dá ẹjọ́ náà fúnra yín.

Ìyá Ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè mí. Gàrí ni mò ń yan ní Emùré-Èkìtì, mo sì ti ń bá Motọ́lání gbe orin láti ìgbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú. Alámọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ̀ ọ́n: orin àwa obìnrin Èkìtì ni, ẹnì kan á máa dá a, àwa tó kù á máa gbè é. Bí àgbàlagbà bá kú ní Ìkẹ́rẹ́, bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìsẹ̀, bí olóyè kan bá ṣí ilé tuntun, wọ́n á ní kí wọ́n pe Motọ́lání. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn tó tutù bí ti àwọn ọmọbìnrin inú fóònù. Ó há díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dá orin, ẹni tó ń jẹun á gbé òkèlè sílẹ̀.

Ọwọ́ Ìyá Akíntọ́lá ló ti kọ́ ọ, ní agboolé tó kángun sí ti bàbá rẹ̀. Wọn kò jókòó kọ́ ọ bí ẹní kọ́ ìwé o. Bí wọ́n bá ń bó gbágùúdá, ìyá náà á dá orin, Motọ́lání á gbè é, bó bá sì ṣì í, ìyá á sọ èèpo gbágùúdá lù ú. Ọ̀pọ̀ èèpo ló bà á kó tó di alámọ̀. Ó fẹ́ awakọ̀ kan tó ń ná Àkúrẹ́, ọkọ náà kú, orin yìí náà ló fi tọ́ Pẹ̀lúmi ọmọ rẹ̀ dàgbà títí tó fi ríṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, oko rẹ̀ kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ. Ohùn yẹn náà ni gbogbo ohun tó ní.

Bí wọ́n bá pè é síbi ìsìnkú, kì í kàn wọ aṣọ lọ. Á ti lọ jókòó sílé olókùú ṣáájú, á máa bi wọ́n léèrè. Kí ni màmá fẹ́ràn láti jẹ? Ta ló bá jà tí wọn ò parí rẹ̀? Oko ibo ló ń lọ? Ohun tí wọ́n bá sọ fún un náà ni yóò fi orin gbé. Bó bá jẹ́ pé ahun ni òkú náà, tí àwọn ọmọ sì ní ọ̀làwọ́ ni, Motọ́lání á kọ ọ́ lórin pé ọ̀làwọ́ ni, àwa á gbè é, a ó sì máa fi ìgbúnwọ́ gbá ara wa. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn: ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí alámọ̀ bá fi orin sọ, ti ẹni tó pè é ni. Kò sẹ́ni tó ń dá a lẹ́jọ́ lórí orin.

Àwọn olóṣèlú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún ìbò kan, Motọ́lání kọrin fún àwọn tó wà nípò, ó ní ọwọ́ wọn mọ́. Nígbà tó di Sátidé, ó kọrin fún àwọn tó ń bá wọn dupò, ó ní olè paraku ni àwọn tó wà nípò yẹn. Ìró àti bùbá kan náà ló wọ̀ lọ síbi méjèèjì. Nígbà tí àwọn tó pè ní olè pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ni wọ́n rín, wọ́n ní, “Àǹtí Motọ́, ẹ mà bú wa dáadáa o.” Wọ́n tún pè é lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó dà bí télọ̀ tó ń rán aṣọ fún orogún méjì. Ta ló fẹ́ bá télọ̀ jà?

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí di ìpàdé ìpolongo ìbò kan báyìí. Àwọn tó wà nípò ló pè wá. Wọ́n ní kí Motọ́lání kọ ọ̀nà Abà Òkèodò lórin, ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí oko kòkó wa, tí a fi ń ru ẹrù lórí nígbà òjò nítorí pé ọ̀kadà kò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n ní wọ́n máa ṣe é. Ó kọ ọ́, ó dùn, àwọn ènìyàn jó títí eruku fi bo ojú wa. Nígbà tó parí, a jókòó sábẹ́ igi kan, a ń mumi.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tóyìn wá bá wa níbẹ̀. Ọmọ Àgbàdo-Èkìtì ni, fóònù ló fi ń ya fídíò, tó ń gbé wọn sí Fesibúùkù. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó gbé fóònù sókè, ó ní, “Màmá, orin yín dùn o. Ṣé àwọn tí ẹ kọrin fún yìí náà lẹ máa dìbò fún?”

Motọ́lání rẹ́rìn-ín. Kò dá a lórin. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ní èdè Èkìtì wa tí “mée” jẹ́ “mi ò”.

“Orin yẹn éè ṣe tèmi, tiwọn ni. Ọdún wo ni mée kọ ọ̀nà oko yìí lórin fún wọn? Mée tíì rí ọ̀nà. Mo ń jẹ uṣẹ́ wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ùbò tèmi, mée ní í fún wọn lọ́dún yìí.”

Tóyìn dúpẹ́, ó lọ. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń jẹ ẹ̀pà, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Lójú wa, ó ti jíṣẹ́ wọn tán. Ohun tó wá kù sí i lẹ́nu, ti ara rẹ̀ ni. A ti ń kọrin látàárọ̀, ohùn ti ń lọ lọ́fun wa, àṣé gbogbo ìyẹn kò ní wọ inú fóònù náà rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré tó sọ lábẹ́ igi yẹn nìkan ni gbogbo ayé gbọ́.

Kò sẹ́ni tó pè é kó sọ pé, “A ti lé ọ.” Bí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á fún un níwèé, á sì rí ohun tí yóò mú lọ bá lọ́yà. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń lé olórin. Ìdílé kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó ti bá wa ṣàdéhùn ránṣẹ́ pé ìsìnkú àwọn ti di ti ẹbí nìkan. Ọlọ́kadà tó ti ibẹ̀ dé ló sọ fún wa pé èrò pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, wọ́n sì pe olórin láti Adó. Ṣọ́ọ̀ṣì Ìsẹ̀ ní kọ́yà nìkan ló máa kọrin ìkórè lọ́dún yìí. Ilé iṣẹ́ rédíò kan tó ń fi orin rẹ̀ ṣí ètò ìkíni ní òwúrọ̀ Sátidé náà dákẹ́, a tan rédíò, orin ìlù òyìnbó la gbọ́.

Mo ní ká lọ síbẹ̀. Èmi kò lè gba irú ìyẹn. Gbádébọ̀, ọ̀gá ètò ibẹ̀, dìde fún wa, ó fún wa lága, kò sì lè wo ojú Motọ́lání.

“Màmá, èmi kọ́ o,” ló ń sọ. “Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn yín. Òkè ni.”

“Òkè ubo?” ni mo bi í.

“Òkè náà ni, Màmá.”

Ó fi ìka tọ́ka sókè. Mo gbójú sókè wo àjà. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ọmọ aláǹgbá. Ó ní ká jẹ́ kí ìbò kọjá ná. Motọ́lání dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún kí i kú iṣẹ́. Inú bí mi sí i títí a fi dé Emùré.

Àwọn ẹgbẹ́ kejì wá o. Ẹ má rò pé wọn ò wá. Wọ́n rán Adétúnjí, akọ̀wé wọn ní wọ́ọ̀dù wa, pẹ̀lú ọ̀tí ẹlẹ́rìndòdò àti ìgbéraga. Ó ní Màmá ti di tiwọn báyìí, kí ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú àsíá wọn.

Ojú Motọ́lání tàn. “Orin wo lẹ fẹ́ kí n kọ?”

“Orin kọ́, Màmá. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la fẹ́. Ẹ kàn sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, kí ẹ wá fi kún un pé àwa lẹ ń bá lọ.”

Ó ronú díẹ̀. “Bí ẹ bá fẹ́ orin, ẹ gbé orin wá, màá kọ ọ́ débi tó bá dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu mi, mée tà á.”

Nígbà tí Adétúnjí lọ, mo bú Motọ́lání. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé ni? Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ti tì í, àwọn wọ̀nyí nawọ́ sí i, ó tún ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn. Kò tilẹ̀ bínú sí mi.

“Ìyá Ẹ̀bùn, mée sọ pé mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ Adétúnjí. Mo sọ pé mée rí ọ̀nà.”

Mo padà sídìí gàrí mi.

Àbúrò ọkọ mi, Bándélé, tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, sọ tirẹ̀ lórí oúnjẹ. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó ló ń yan ẹni tó máa kọrin níbẹ̀. Ṣé wọ́n máa fi ọlọ́pàá mú wọn kí wọ́n pe Àǹtí Motọ́ ni?” Ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù. Òótọ́ ni, kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni pè é. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ta gàrí, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ta ni mo dìbò fún kó tó ra kóńgò kan. Bándélé fúnra rẹ̀ ń bú àwọn ọ̀gá rẹ̀ níwájú oúnjẹ lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá mọ́ á wọ ṣòkòtò, á gba ibi iṣẹ́ lọ. Motọ́lání ní tirẹ̀, ohun tó fi ń jẹun náà ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn dá ohùn rẹ̀ mọ̀, kò sì níbi tó lè fi ohùn náà pamọ́ sí bó bá fẹ́ sọ tinú ara rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bándélé. Ó ní kí n bu ọbẹ̀ kún un.

Tóyìn wá ń sunkún. Ó ní òun ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, òun kàn fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ Màmá ni. Ó pa fídíò náà rẹ́ lójú wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìbátan mi kan ní Òmùò-Èkìtì fi í ránṣẹ́ sí mi, ó ní, “Ṣé ẹ ti rí èyí?”

Motọ́lání wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bó gbágùúdá. Mo ń fún un ní gàrí, ó ń gbà á, ó ń dúpẹ́. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ó dákẹ́. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò bó gbágùúdá rí kó má kun orin sí i. Ọ̀bẹ nìkan ni mò ń gbọ́ báyìí. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dá orin kan kí ó lè bínú pé mo ṣì í. Kò bínú. Ó ní mo gbìyànjú.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Ìyá Akíntọ́lá kú.

Ó dàgbà, ó di arúgbó kùjọ́kùjọ́, kò sẹ́ni tó ní ikú rẹ̀ yá jù. Motọ́lání sunkún, ó nu ojú, ó sì wá gbéra sọ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Láàárín àwa alámọ̀, nǹkan kan wà tí a kì í fi lọ ẹlòmíràn: bí ẹni tó kọ́ ọ lórin bá kú, ìwọ lo máa dá orin tí wọ́n fi máa gbé e jáde nílé. Kì í ṣe iṣẹ́. Wọn kì í pe ènìyàn sí i, ènìyàn kì í sì í gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń da erùpẹ̀ sí sàréè ìyá rẹ̀ ni.

“Èyí, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi,” ló sọ fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ orin náà jọ nídìí ààrò. Ohùn rẹ̀ padà. Inú mi dùn débi pé gàrí jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá, ọmọ olóògbé, ti padà wálé láti Èkó, ó sì ti di aṣáájú àwọn tó wà nípò ní wọ́ọ̀dù wa. A lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan nípa ètò ìsìnkú. Ó fún wa ní mọ́ọ̀tì tútù. Ó ń pè é ní “Àǹtí mi”, nítorí pé ẹ̀yìn Motọ́lání ló ti dàgbà. Òun ló ń pọ̀n ọ́n kiri nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko. Nígbà tí Motọ́lání bi í pé àárọ̀ ni kí àwa dé tàbí ọ̀sán, ó gbé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ sílẹ̀.

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni ulé yìí. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ wa ń bọ̀, àwọn èèyàn ńlá ń bá a bọ̀. Bí wọ́n bá rí yín pẹ̀lú makiroofóònù, wọ́n á ní èmi ni mo rán yín níṣẹ́ ọjọ́sí. Wọ́n ti ń wò mí bákan tẹ́lẹ̀.”

“Akin, mée ní í dárúkọ òṣèlú. Yèyé nìkan ni màá kọ.”

“Mo mọ̀, Àǹtí. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa kọ. Ẹ̀yin gan-an ni.”

Motọ́lání dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n lẹ́yìn kúnlẹ̀ fún un lórí táìlì. Mo fẹ́ pariwo. Kí n tó pariwo, Akíntọ́lá ti fò dìde, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kó jọ̀ọ́, kó má fi ìyẹn sí òun lọ́rùn. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn, kò sì sí èyí tó lè ṣe ohun tí ìkejì ń tọrọ. Omijé wà lójú ọkùnrin náà. Mo ti múra láti bú u dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo máa bú. Mo gbé Motọ́lání dìde, a lọ sílé.

Ó lọ síbi ìsìnkú náà. Mo ní kó má lọ, ó ní ìyá òun ni. A wọ aṣọ funfun, a jókòó sẹ́yìn pátápátá lábẹ́ ìbòòrùn, láàárín àwọn àlejò tó ti Èkó wá tí wọn ò mọ ẹnikẹ́ni. Alága ẹgbẹ́ náà dé pẹ̀lú èrò rẹ̀, wọ́n fi í sí iwájú. Nígbà tó tó àkókò láti gbé òkú jáde, ẹni tó ń darí ètò gba makiroofóònù, ó ní, “Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, a ó fi alámọ̀ sin Màmá jáde.” Àwa méjèèjì na ọrùn, a ń wá ẹni tí a rò pé wọ́n pè láti Adó.

Wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Ohùn Motọ́lání ló jáde láti inú ẹ̀rọ.

Orin tó kọ nígbà tí ìyá náà ṣe ọjọ́ ìbí ńlá rẹ̀ kan ni. Akíntọ́lá ló gbà á sílẹ̀ nígbà náà, kò sì sọ fún wa pé òun máa lò ó. Ẹ̀rọ náà tóbi, orin náà gba gbogbo àdúgbò.

“Ta ló gbin igi tí mo jókòó sábẹ́ rẹ̀?”

“Yèyé ni, yèyé mà ni.”

Ohùn àwa elégbè wà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo gbọ́ ti Comfort, ẹnìkejì mi nídìí ègbè, tó ti dolóògbé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ń gbè é láti ibi tí mo jókòó sí. Àwọn obìnrin ìlú ń gbè é. Pósí yọ lẹ́nu ọ̀nà. Alága ẹgbẹ́ náà dìde, ó yọ áńkáṣíìfù, ó ń jó níwájú òkú, ó ń mi orí sí ohùn náà bí ẹni tí oyin bá lọ́fun. Akíntọ́lá ń wolẹ̀ ní tirẹ̀.

Motọ́lání kò gbe orin. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀, ó ń wo pósí.

Obìnrin kan tó wọ léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fara sún mọ́ ọn. Ó ní, “Màmá, ẹ gbọ́ bí ohùn yìí ṣe wọni lára! Ta ló ń kọ ọ́? Ìyá tèmi náà ti dàgbà, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.”

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Motọ́lání tẹ itan mi mọ́lẹ̀ gan-an.

“Má sọ̀rọ̀,” ló sọ fún mi jẹ́jẹ́. “Bí alága yẹn bá mọ̀ pé èmi ni, wọ́n á pa ẹ̀rọ. Jẹ́ kí Yèyé jáde tán.”

Ó wá yíjú sí obìnrin náà. “Mée mọ̀ ọ́n,” ló wí.

Obìnrin náà ní ó mà ṣe o, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì dìde lọ jó.